Ohun tó yẹ kó o tètè mọ̀ tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máàsításì tàbí PhD

O kú oríire àdímíṣọ̀n o. Inú ẹ á máa dùn, ẹ̀rù náà á dẹ̀ máa bà ẹ́ díẹ̀, bó ṣe ń rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn, má jẹ́ kó dà ẹ́ láàmú. Nígbà tó o wà ní dìgírì àkọ́kọ́, àwọn kan ló ń bá ẹ ṣètò gbogbo nǹkan, wọ́n ti lẹ táìmù-tébù mọ́ ògiri, wọ́n ti sọ ọjọ́ ìdánwò, wọ́n ti sọ ìwé tó o máa kà àti orí tí wọ́n máa ti mú ìbéèrè, tìẹ ò ju kó o kà á kó o sì kọ ọ́ dáadáa. Ibi tó o dé báyìí ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Níbí, oṣù mẹ́ta gbáko lè kọjá kí ẹnì kankan má bi ẹ́ pé kí lò ń ṣe, wọn ò ní bínú sí ẹ, wọn ò ní pariwo lé ẹ lórí, àmọ́ oṣù mẹ́ta yẹn ti lọ nìyẹn, kò lè padà wá mọ́. Torí náà, kó o tó kọ́ ohunkóhun, kọ́ bí wàá ṣe máa lahùn. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan, kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ káwọn èèyàn mọ ibi tí iṣẹ́ dé àti ibi tó ti há. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, mi ò dẹ̀ mọ ibòmíì tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń ṣẹ bíi ti yunifásítì.

Ọ̀sẹ̀ tó o bá dé, wá handbook ètò ẹ̀kọ́ ẹ, ìwé tí wọ́n to gbogbo òfin ibẹ̀ sí, kó o kà á látòkèdélẹ̀. Ó máa ń súni kà, mo mọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ṣí i àfi tí wàhálà bá ti dé. Ohun tó ò ń wá níbẹ̀ ni kọ́ọ̀sì mélòó lo gbọ́dọ̀ ṣe, ọdún mélòó ni wọ́n fún ẹ, ìgbà wo ni wọ́n máa ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò láti mọ̀ bóyá kó máa bá a lọ, ta ló ń buwọ́ lu kí ni, kí ló dẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ téèyàn bá fẹ́ pààrọ̀ súpáfáísọ̀, ìyẹn olùkọ́ tó ń darí ìwádìí ẹ. Gbogbo déètì tó o bá rí níbẹ̀, gbé e sínú kàlẹ́ńdà fóònù ẹ lójú ẹsẹ̀, kó o ṣe é kó máa rán ẹ létí ní oṣù kan ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ kí ẹni tó ń mójú tó ọ́fíìsì dìpátímẹ́ǹtì yín, jẹ́ kó mọ orúkọ ẹ, torí ọ̀jọ̀gbọ́n lè máà mọ ibi tí fọ́ọ̀mù wà, ẹni yẹn mọ̀ ọ́n.

Má dẹ̀ fi kàlẹ́ńdà tìẹ wé ti ọ̀rẹ́ ẹ tó wà ní orílẹ̀-èdè míì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, PhD sábà máa ń jẹ́ ọdún 3 sí 4, orí ìwádìí lèèyàn dẹ̀ máa ń bọ́ sí tààrà. Ní Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń gba ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kíláàsì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe, wọ́n á tún jókòó fún ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní qualifying exam kí wọ́n tó lè gbájú mọ́ ìwádìí. Tí ọ̀rẹ́ ẹ bá ní òun ti ń kó dátà jọ, tí ìwọ ṣì ń ṣe assignment, kò túmọ̀ sí pé o ti gbẹ́yìn, ọ̀nà yín ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ súpáfáísọ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tí iṣẹ́ sú, tó fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, kì í ṣe pé ọpọlọ wọn ò gbé e, àárín àwọn àti súpáfáísọ̀ ni kò dán mọ́rán. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá jọ jókòó. Má kàn lọ síbẹ̀ lọ máa sọ pé ẹ̀ẹ́n sà, ẹ̀ẹ́n mà. Bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ máa pàdé, ṣé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ṣé ímeèlì ni wọ́n fẹ́ràn àbí kó o máa kàn wọ́n lójú, ọjọ́ mélòó ṣáájú ni wọ́n fẹ́ kó o fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kí wọ́n lè ráyè kà á, ọjọ́ mélòó ló dẹ̀ máa ń gbà wọ́n láti dá a padà. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe dáadáa á ti ní lọ́wọ́ tí ọdún àkọ́kọ́ bá fi máa parí. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀kọ́ táwọn èèyàn ti jọ máa ń kọ pépà ni, ìyẹn àpilẹ̀kọ ìwádìí tí wọ́n ń tẹ̀ jáde, bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pinnu orúkọ tó máa ṣáájú. Ìbéèrè yìí máa ń ti àwọn kan lójú, wọ́n á ní ó dà bíi pé ojú ń kán àwọn, àmọ́ ìjà lórí orúkọ ta ló ṣáájú burú gan-an tí iṣẹ́ bá ti parí, ó dẹ̀ rọrùn láti sọ nígbà tí ẹnì kankan ò tíì kọ lẹ́tà kan.

Ọjọ́ kan ṣáájú ìpàdé kọ̀ọ̀kan, fi ojú ewé kan péré ránṣẹ́. Kọ ohun tó o ṣe láti ìgbà tẹ́ ẹ ti rí ara yín, kọ ibi tó ti há, kọ ohun tó o fẹ́ kí wọ́n bá ẹ dá sí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Súpáfáísọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá jókòó níwájú ẹ̀ tí kò mọ ohun tó fẹ́ béèrè, ohun tó bá ṣáà ti wá sí i lọ́kàn ló máa sọ, o lè jáde níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun mẹ́rin tí kò kan ohun tó ń dà ẹ́ láàmú rárá.

Tí ìpàdé bá parí, má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣú kó o tó kọ ímeèlì kékeré kan. Kò gbọ́dọ̀ gùn. Nǹkan bí èyí tó:

"Ẹ ṣeun fún àkókò yín lónìí. Bó ṣe yé mi ni pé màá tún ìbéèrè kejì kọ, màá fi ránṣẹ́ sí yín kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, màá ṣì fi ọ̀rọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sílẹ̀ ná títí ẹ máa fi wo fọ́ọ̀mù náà. Tí mo bá ṣì yín gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi ṣe."

Ó parí. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àmọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí wọ́n bá ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìwọ gan-an bá gbàgbé ìdí tó o fi yí ìbéèrè padà, o máa rí i kà. Àwọn èèyàn yìí ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, wọ́n ń kọ́ kíláàsì, wọ́n ń jókòó ní ìgbìmọ̀ lóríṣiríṣi, wọn ò lè rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tìẹ lórí.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń bẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lórí ẹ̀. Tí iṣẹ́ ò bá lọ, má sá fún súpáfáísọ̀ ẹ. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kan á lọ láìsí nǹkan gidi kan, wàá ní kó o ṣáà jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó o lè rí nǹkan gbé lọ, ọ̀sẹ̀ yẹn á tún dé, ojú á wá túbọ̀ máa tì ẹ́ torí ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan tó o máa gbé lọ á wá gbọ́dọ̀ tóbi ju tàkọ́kọ́ lọ, kó o tó mọ̀, oṣù méjì ti lọ, o ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó o má bàa pàdé wọn. Lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Sọ pé "mi ò rí èsì kankan lọ́sẹ̀ yìí, ohun tí mo gbìyànjú rèé, ibi tó ti kọ̀ rèé." Ìṣòro tó ti gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ẹ, ẹni tó ti wà nínú iṣẹ́ yẹn fún ogún ọdún lè mọ ibi tó ti wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí wọ́n bá dá iṣẹ́ tó o kọ padà tí pupa bò ó látòkè délẹ̀, kà á lẹ́ẹ̀kan, pa á dé, má fèsì lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì ni kó o ṣí i padà, kó o wá máa yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tó o gbà tí ò ní gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣe é kíákíá, ọkàn ẹ á fúyẹ́, èyí tí kò yé ẹ, kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìpàdé, èyí tó o rò pé wọn ò rí òótọ́ ibẹ̀, kọ ìdí ẹ sílẹ̀ ní ìlà méjì, o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Súpáfáísọ̀ tó ń fi pupa bo iṣẹ́ ẹ ti kà á. Èyí tó máa ń dá a padà ní mímọ́ tónítóní ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ ẹ́ lóminú.

Àwọn kan wà tí wọn ò dáa lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ẹni tó ń bú akẹ́kọ̀ọ́ níwájú èèyàn, ẹni tí kì í fèsì fún oṣù méjì, ẹni tó ń gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tiẹ̀. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ lo bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀, tọ́jú gbogbo ímeèlì, kọ déètì sílẹ̀, kó o wá lọ bá ẹni tó ń ṣàkóso ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gboyè gíga ní dìpátímẹ́ǹtì yín, ọ̀pọ̀ yunifásítì tún ní ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbọ́ irú ẹjọ́ yìí láìfi orúkọ èèyàn síta. Àwọn èèyàn ń pààrọ̀ súpáfáísọ̀, kì í ṣe èèwọ̀, ó dẹ̀ máa ń rọrùn jù lọ́dún àkọ́kọ́. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé tìẹ dáa, má fi gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Wá ọ̀jọ̀gbọ́n míì, wá ẹni tó fi ọdún méjì ṣáájú ẹ, òun ló mọ kọ́ọ̀sì tó le àti fọ́ọ̀mù tó máa ń pẹ́.

Ìwé kíkà

Ìwé tó wà láti kà ò lè tán, má tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Ohun tó máa ń gba àsìkò àwọn tuntun ni pé wọ́n ń ka pépà bí ẹni ń ka ìtàn, láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n bá ka méjì lọ́jọ́ kan, orí ti ń fọ́ wọn. Kọ́kọ́ ka àkòrí àti abstract, àkópọ̀ kúkúrú tó wà níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, bọ́ sí àwòrán àti tébù, kó o wo ohun tí wọ́n ní àwọn rí, ka ìparí ẹ̀. Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà yẹn lo máa wá pinnu bóyá ó kan iṣẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni kò ní kàn án, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá kàn án, padà síbẹ̀ kó o ka bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí náà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ibẹ̀ ni òótọ́ iṣẹ́ wà.

Kó o tó pa á dé, kọ gbólóhùn mẹ́rin lédè ara ẹ: kí ni wọ́n ń wá, báwo ni wọ́n ṣe wá a, kí ni wọ́n rí, kí ni mi ò gbà gbọ́ níbẹ̀. Tó ò bá lè kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìwo inú pépà, kò tíì yé ẹ. Gbólóhùn kẹrin yẹn, má fò ó, torí tó o bá kó ogójì irú ẹ̀ jọ, ibẹ̀ lo ti máa rí ìbéèrè tí tísíìsì ẹ, ìwé ìwádìí ńlá tó o máa fi gboyè, máa dáhùn.

Láti wá pépà, Google Scholar tí wọ́n ṣí lọ́dún 2004 wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ò lò dáadáa ni ibi tí wọ́n kọ "Cited by" sí lábẹ́ pépà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìwé tí pépà kan tọ́ka sí ń mú ẹ lọ sẹ́yìn, "Cited by" ń mú ẹ bọ̀ wá síwájú, sọ́dọ̀ àwọn tó lò ó lẹ́yìn náà. Tó o bá rí pépà kan ṣoṣo tó sún mọ́ iṣẹ́ ẹ gan-an, tó o gba ọ̀nà méjèèjì yẹn, o ti rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Tí wọ́n bá ní kó o sanwó, lọ bá ilé ìkàwé yín, wọ́n lè bá ẹ yá a láti yunifásítì míì, tàbí kó o kọ̀wé sí ẹni tó kọ ọ́, inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ ka iṣẹ́ àwọn, wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́.

Láti ọjọ́ kìíní ni kó o ti máa kó gbogbo ẹ̀ sínú Zotero, áàpù kan tí wọ́n ń tọ́jú pépà sí, ọ̀fẹ́ ni, òun lá máa bá ẹ to ìwé ìtọ́kasí. Mo ti rí àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn tísíìsì wá ọdún tí wọ́n tẹ pépà kan jáde, ojú wọn ti wọ inú. Ohun kan tún wà o: AI, ẹ̀rọ tó ń dá èèyàn lóhùn lóde òní, lè hun orúkọ pépà tí ò sí níbì kankan fún ẹ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọdún ẹ̀, á rí bí òótọ́. Má tọ́ka sí ohunkóhun tó ò tíì ṣí fúnra ẹ.

Kíkọ, dátà àti fáìlì

Má dúró dìgbà tó o bá kàwé tán kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, kó dáa kó má dáa, àárọ̀ ló sàn jù kó o tó ṣí ímeèlì, torí ìgbà téèyàn bá ń kọ ọ́ ló máa ń rí i pé nǹkan tóun rò pé ó yé òun ò yé òun. Ẹni tó bá ní òun máa kọ gbogbo ẹ̀ nígbà ìsinmi gígùn, ìsinmi yẹn á dé, á lọ.

Tí iṣẹ́ ẹ bá kan èèyàn, yálà o fẹ́ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò tàbí o fẹ́ pín ìwé ìbéèrè, gbọ́ èyí dáadáa: o gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí (ethics committee) kó o tó bi ẹnì kankan ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Àṣẹ yẹn lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà míì ó máa ń gba oṣù, wọ́n dẹ̀ lè dá fọ́ọ̀mù ẹ padà lẹ́ẹ̀mejì torí lẹ́tà tó o máa fún àwọn èèyàn kà kò yé wọn tó. Dátà tó o bá kó jọ ṣáájú àṣẹ, wọ́n lè sọ pé o ò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Torí náà tètè béèrè pé ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ náà máa ń jókòó, kó o wá ti ibẹ̀ kà á padà sẹ́yìn.

Fáìlì: tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta sí oríṣi ibi méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ẹ. Kó o dẹ̀ fi déètì bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, ọdún ni kó ṣáájú, bíi 2025-03-14, wọ́n á to ara wọn fúnra wọn. "Final", "final2", "final tòótọ́" yẹn ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́.

Ohun tí ọkàn ẹ á máa sọ fún ẹ

Ọjọ́ kan á wà tó o máa jókòó ní sèmínà, gbogbo èèyàn á máa mi orí, wàá wo ọ̀tún wo òsì, wàá ní àṣìṣe ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi gba ìwọ síbí, pé láìpẹ́ àṣírí máa tú. Kì í ṣe ìwọ nìkan. Lọ́dún 1978, Pauline Clance àti Suzanne Imes, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, kọ pépà kan lórí àwọn obìnrin tó ń ṣe dáadáa gan-an níbi ẹ̀kọ́ àti níbi iṣẹ́, tí wọ́n ṣì gbà nínú ọkàn wọn pé àwọn ò mọ nǹkan kan, pé ńṣe làwọn tan àwọn èèyàn jẹ. Orúkọ tí wọ́n fún un, impostor phenomenon, ni wọ́n ṣì ń pè é títí dòní, a dẹ̀ ti wá mọ̀ pé ó ń ṣe ọkùnrin náà. Ohun tó máa ń pa á díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ. Béèrè ìbéèrè kan ní sèmínà, èyí tó kéré jù ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní lọ́kàn tẹ́ ẹ fi lo ọ̀rọ̀ yìí?", wàá rí i pé lẹ́yìn sèmínà, ẹnì kan á wá bá ẹ pé òun náà ò mọ̀ ọ́n, ojú ló ń ti òun. Wá èèyàn mẹ́ta mẹ́rin tẹ́ ẹ jọ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ máa jókòó kọ̀wé papọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní láti máa ṣe iṣẹ́ kan náà.

Sùn. Yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí o ò ní ṣí kọ̀ǹpútà, kó o dì í mú. Owó, tó bá jẹ́ pé wọ́n ń san nǹkan fún ẹ, béèrè ọjọ́ gan-an tí ti àkọ́kọ́ máa wọlé, torí ó máa ń pẹ́, kó o sì ti ní èyí tó máa gbé ẹ dé ìgbà yẹn. Tó bá jẹ́ pé o tún ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì, béèrè pé wákàtí mélòó ni wọ́n sanwó ẹ̀, kó o má jẹ́ kí máàkì jẹ gbogbo ọ̀sẹ̀ ẹ, kọ ohun tó o fẹ́ fún ní máàkì sílẹ̀ kó o tó gbé ìwé àkọ́kọ́, á yá ẹ lọ́wọ́, kò dẹ̀ ní sí ojúsàájú.

Tó bá wá di pé oorun ò kun ẹ́ mọ́, tí oúnjẹ ò wù ẹ́ jẹ, tó o bá ń sunkún láìmọ ìdí, má pè é ní ọ̀lẹ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìmọ̀ràn bá sọ̀rọ̀ láìsanwó, lọ síbẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Tí àìsàn tàbí ọ̀rọ̀ ẹbí bá dé tó o rí i pé iṣẹ́ ò lè lọ, béèrè fún ìdádúró ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kì í ka àwọn oṣù yẹn mọ́ ọdún tí wọ́n fún ẹ. Tó bá jẹ́ pé owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ (scholarship) tàbí físà ló mú ẹ dúró síbẹ̀, kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì tó ń rí sí i pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i, kó o tó buwọ́ lu nǹkan kan. Àmọ́ béèrè lásìkò o, ní ọ̀sẹ̀ tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń kọ̀ láti fún èèyàn ní ìdádúró fún oṣù tó ti kọjá.